Bí ẹ ṣe lè fọwọ́ ara yín ṣe gas check fún ọta òjé ráífù

Ẹni tó bá ń da òjé fúnra ẹ̀ fún ráífù mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọta jáde nínú mọ́dù, ó ń dán, ó gún régé, inú yín dùn, ẹ yin bíi mẹ́wàá, ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú bárẹ̀lì, ẹ rí i pé òjé ti lẹ̀ mọ́ gbogbo inú ẹ̀ bí ọ̀dà, ọta kọkànlá ò sì lọ síbi tẹ́ ẹ fojú sùn mọ́. Ohun tó fà á ni pé tí ẹ̀tù bá ti gbiná, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ọta lẹ́yìn máa ń wá ọ̀nà tó máa sá gbà, ẹ̀gbẹ́ ìdí ọta ló sì máa ń rí, á máa yọ́ òjé ibẹ̀, á máa fọ́n ọn síwájú, bárẹ̀lì á gbà á mọ́ra.

Gas check ló ń dí ọ̀nà yẹn. Orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é nìyẹn, èmi ní tèmi ń pè é ní fìlà ìdí ọta, torí fìlà ni lóòótọ́, kọ́ọ̀pù bíńtín tí wọ́n fi bàbà tàbí alumíníọ̀mù ṣe, tí wọ́n dé mọ́ ìdí ọta kí iná má bàa kan òjé tààrà. Ọta òjé tí ò ní fìlà, tí eré ẹ̀ bá ti ń kọjá bíi mítà 450 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wàhálà ti ń rùn bọ̀ nìyẹn. Èyí tó bá dé fìlà tó sì bá bárẹ̀lì mu dáadáa lè sá mítà 600 kó tún lé díẹ̀, bárẹ̀lì á sì mọ́.

Wọ́n ń tà á, mo mọ̀. Ilé iṣẹ́ Hornady ń ṣe é, àwọn míì náà ń ṣe é, mi ò ní ká má rà á. Àmọ́ ìgbà míì wà tó máa ń wọ́n bí ojú, àwọn ìbọn kan sì wà tí ìwọ̀n wọn ò wọ́pọ̀ débi tí ẹnikẹ́ni fi máa jókòó ṣe fìlà fún wọn. Ibẹ̀ ni èmi ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, òfin ìbọn àti ọta ò rí bákan náà níbi gbogbo. Ẹ wádìí òfin ibi tẹ́ ẹ wà bóyá ó gba ẹni tó ní ìbọn láyè láti máa di ọta ara ẹ̀. Tí ò bá gbà yín láyè, ẹ pa á tì.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ọta yín

Kì í ṣe gbogbo ọta ló ń dé fìlà o. Ẹ yẹ ìdí ẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n ṣe mọ́dù ẹ̀ fún gas check máa ń ní àtẹ̀gùn kékeré kan nídìí, bí ìgbà tí wọ́n bá gbẹ́ ìdí ọta tín-ínrín díẹ̀ ju ara tó kù lọ, ibi tó tín-ínrín yẹn ni fìlà ń jókòó sí. Tí ìdí ọta yín bá gún wálẹ̀ láìsí àtẹ̀gùn, fìlà tí mò ń kọ́ yín níbí kò ní wọ̀ ọ́, ẹ wá mọ́dù míì.

Tẹ́ ẹ bá ti rí àtẹ̀gùn yẹn, ẹ mú kálípà, tẹ́ ẹ bá sì ní maikirómítà ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀rọ̀ ibí yìí ọ̀rọ̀ ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà ni. Ẹ wọn bíi mẹ́wàá, ẹ má wọn ẹyọ kan ṣoṣo, mọ́dù tó ní ojú méjì kì í sábà bí ìbejì tó jọra tán. Nǹkan mẹ́ta lẹ máa kọ sílẹ̀: bí àtẹ̀gùn yẹn ṣe sanra tó, bó ṣe ga tó, àti ìwọ̀n tí ọta máa jẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tì í kọjá nínú dáì sáísì, ìyẹn irin oníhò tó ń fún ọta kó lè dé ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́.

Ìwọ̀n ìkẹta yẹn, inú bárẹ̀lì lẹ ti máa rí i. Ẹ rí i dájú pé kò sóhun tó wà nínú ìbọn, ẹ yọ bóòtì ẹ̀ kúrò, ìyẹn irin tó ń dí ẹ̀yìn bárẹ̀lì, ẹ ta òróró díẹ̀ sínú bárẹ̀lì, ẹ wá fi ọ̀pá ti òjé rírọ̀ kan gba inú ẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Òjé yẹn á ya àwòrán inú bárẹ̀lì sára. Ibi tó sanra jù lára ẹ̀ lẹ máa wọn, ọta yín gbọ́dọ̀ fi bíi mìlímítà 0.03 sí 0.05 sanra ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣe àpẹẹrẹ, ráífù .30 ni. Àtẹ̀gùn ìdí ọta mi sanra mìlímítà 7.25, ó ga mìlímítà 2.3, mo sì ń ti ọta yẹn kọjá nínú dáì sáísì tó jẹ́ mìlímítà 7.87. Gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ látìsinsìnyí lọ, orí nọ́ńbà mẹ́ta yìí ló dúró lé, tẹ́ ẹ bá ti ní tiyín ẹ kàn pààrọ̀ wọn.

Páànù tó nípọn tó, tó sì rọ̀ tó

Ibí ni mo ti jìyà jù, torí náà ẹ fara balẹ̀ níbí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, agolo nǹkan mímu ni mo gé. Alumíníọ̀mù ṣáà ni, ó pọ̀, ọ̀fẹ́ ni, mo sì ti gbọ́ pé àwọn kan ń lò ó. Mo jókòó ní odindi ọjọ́ kan mo ṣe igba, mo dé gbogbo wọn mọ́ ọta, wọ́n rẹwà lójú. Mo lọ yìn wọ́n. Ọta kìíní gba ọ̀tún, ìkejì gba òkè, ìkẹta mi ò mọ ibi tó gbà. Nígbà tí mo dìde kí n lọ wo pátákó mo rí nǹkan kan tó ń kọ mànà nílẹ̀ níwájú mi, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí mo dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ mú un. Fìlà mi ni. Ìkejì ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti fún pọ̀ bí ewé gbígbẹ.

Ara agolo yẹn ò nípọn ju bíi mìlímítà 0.1 lọ. Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò. Mìlímítà 7.87 tí dáì sáísì jẹ́, ẹ yọ 7.25 tí ìdí ọta jẹ́ kúrò, ó ku 0.62, ẹ pín in sí méjì torí fìlà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ó ní ti òsì, ó di 0.31. Páànù tó bá tín-ínrín ju 0.31 lọ, dáì sáísì ò ní fọwọ́ kàn án rárá, kò sóhun tó máa fún un mọ́ ìdí ọta, ó kàn ń gùn ún lọ bí èrò ọkọ̀ ni. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni páànù tó fi díẹ̀ nípọn ju ìdáhùn yẹn lọ, 0.34 sí 0.36, kí dáì sáísì lè rí nǹkan tẹ̀. Èmi ń lo 0.35.

Níbo lẹ ti máa rí i? Páànù alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ tí àwọn oníṣẹ́ òrùlé fi ń dí oríta òrùlé kí òjò má bàa jò wọlé, èyí tó nípọn jù nínú wọn máa ń sún mọ́ 0.35, ó sì máa ń wà ní rólù. Páànù tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ń lò tí wọ́n bá ti tẹ̀wé tán náà dáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ju 0.2 sí 0.3 lọ, ó lè wúlò fún ìdí ọta tó bá sanra díẹ̀. Bàbà pupa pẹlẹbẹ ni ọ̀gá gbogbo wọn, ó máa ń gbà kí wọ́n fà á, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síbì kan ó máa ń dúró síbẹ̀. Alumíníọ̀mù ní agídí díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ tán á tún fẹ́ nà padà. Irin àti páànù tí wọ́n fi síńkì bò, ẹ fi sílẹ̀, ó le jù, inú bárẹ̀lì yín ò sì ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára rólù gbọ́ o. Ẹ wọn ọ́n fúnra yín, ẹ ha ọ̀dà kúrò lára ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọn ọ́n, torí ọ̀dà nìkan lè jẹ́ kẹ́ ẹ ṣìnà.

Tó bá le, ẹ fi iná rọ̀ ọ́. Ti bàbà ò ṣòro, ẹ lọ síbi tó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ fi iná gáàsì fẹ́ ẹ títí á fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kò gbọ́dọ̀ pọ́n fòò, ẹ wá tì í bọ omi tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀, bàbà ò bìkítà èwo lẹ ṣe. Alumíníọ̀mù ni ẹlẹ́tàn. Òun kì í pọ́n, bó ṣe rí nígbà tó tutù ló máa rí títí á fi dé bíi 660 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ló ti máa yọ́ dànù lójú yín lójijì. Torí náà ọṣẹ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ fa ìlà sí ẹ̀yìn páànù yẹn, ẹ máa gbé iná kiri lábẹ́ ẹ̀, má ṣe jẹ́ kí iná dúró sójú kan, nígbà tí ìlà ọṣẹ yẹn bá ti dúdú, ẹ gbé iná kúrò. Ó ti rọ̀ nìyẹn. Tó bá ní ọ̀dà tàbí ìkọ̀wé lára, ìta gbangba lẹ ti máa ṣe é, èéfín ẹ̀ ò dáa.

Róbótó: báwo ló ṣe máa fẹ̀ tó?

Fìlà kì í ti ojú ọ̀run já bọ́ ní fìlà, páànù róbótó la kọ́kọ́ ń gé bí owó ẹyọ, òun la wá ń tẹ̀ di kọ́ọ̀pù. Tí róbótó bá kéré jù, ẹ̀gbẹ́ fìlà á kúrú, kò ní rí nǹkan dì mú. Tó bá tóbi jù, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á ga kọjá àtẹ̀gùn, á máa kan ara ọta, ìdí fìlà ò sì ní jókòó dé ìdí ọta.

Ìṣirò ẹ̀ rèé, kò le. Ẹ mú ìwọ̀n ìdí ọta, ẹ fi ìnípọn páànù kan kún un, tèmi jẹ́ 7.25 pẹ̀lú 0.35, ìyẹn 7.6. Ẹ sọ 7.6 di ìlọ́po ara ẹ̀, ẹ rí 57.8. Ẹ wá mú 4, ẹ fi sọ 7.6 di púpọ̀, ẹ tún fi gíga tẹ́ ẹ fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ fìlà ní sọ ọ́ di púpọ̀. Mo fẹ́ 2.1, kó fi díẹ̀ kúrú ju àtẹ̀gùn tó jẹ́ 2.3 lọ, ìyẹn fún mi ní 63.8. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 121.6, ẹ tẹ gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì lórí fóònù yín, 11.03 ló máa gbé jáde. Róbótó mìlímítà 11 nìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi gé e ni pọ́ńṣì onírobótó, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń lu ihò. Ẹ wá èyí tó jẹ́ 11, ẹ pọ́n ẹnu ẹ̀ kó mú, ẹ fi páànù lé orí gẹdú tẹ́ ẹ gbé nàró, kí ojú ibi tí wọ́n gé e kọjú sókè, ẹ wá fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, kó wọlé. Tẹ́ ẹ bá ń lù ú gbọ́n-gbọ́n-gbọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, pọ́ńṣì á sún, róbótó á di onígun. Ẹ kọ́kọ́ gé páànù sí ọ̀já tó fẹ̀ díẹ̀ ju pọ́ńṣì lọ, ọ̀já tó gùn tó mìlímítà 300 máa fún yín ní róbótó 25 tẹ́ ẹ bá ń fi 12 sún síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó máa sàn kó ní kí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lathe gbẹ́ irin ṣe pọ́ńṣì àti dáì tó ń gé fún òun, ọwọ́ á dín kù, àmọ́ fún igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún, pọ́ńṣì oníṣẹ́ awọ tó.

Ẹ dáàbò bo ojú yín, ẹ wọ gíláàsì. Páànù tín-ínrín máa ń fò.

Dáì tó ń sọ róbótó di fìlà

Ẹ̀ya méjì péré ni: ọ̀pá kan àti irin oníhò kan.

Ọ̀pá yẹn gbọ́dọ̀ bá ìdí ọta dọ́gba, tèmi jẹ́ 7.25. Irin líle ni kẹ́ ẹ lò, ìdí gírígírí bíìtì dírìlì tí kò wúlò mọ́ dáa gan-an. Tó bá fi díẹ̀ sanra jù, ẹ fi í sẹ́nu dírìlì kó máa yí, ẹ fi sáńdípépà tó kúnná dì í mú, kẹ́ ẹ máa wọn ọ́n léraléra títí á fi dé ìwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ojú ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kẹ́ ẹ wá fi sáńdípépà pa etí ẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kìkì kó má mú bí abẹ, torí etí tó bá mú máa ń gé ìdí fìlà já.

Irin oníhò, ẹ wá èyí tó nípọn tó mìlímítà 10 sí 12. Ihò ẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ọ̀pá, pẹ̀lú ìnípọn páànù méjì, pẹ̀lú àyè bíńtín. Tèmi: 7.25 pẹ̀lú 0.70 jẹ́ 7.95, mo fún un láyè 0.05, ó di 8 gééré. Orí mi ṣe rere níbẹ̀ torí ríímà 8, irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò kó lè gún régé, ò ṣòro rí. Ẹ fi bíìtì 7.8 lu ihò kọ́kọ́, ẹ wá fi ríímà gbẹ́ ẹ parí, bíìtì nìkan máa ń fi ihò sílẹ̀ ní págunpàgun.

Etí ihò lókè, ibi tí róbótó máa gbà wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di gbẹndẹkẹ, kó tẹ̀ wọlé bí ẹnu fúnẹ́ẹ̀lì, bíi mìlímítà 1, kẹ́ ẹ sì fi sáńdípépà àti òróró dán an títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ojú yín níbẹ̀. Ẹni tí fìlà ẹ̀ bá ń ya, ibí yìí ni kó kọ́kọ́ wò. Ti ìsàlẹ̀ wá yàtọ̀ pátápátá, etí ihò nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú gan-an ni, ẹ má pa á rárá. Ìdí ni pé tí fìlà bá gba inú ihò kọjá tán, ẹnu ẹ̀ á ṣí díẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá ń fa ọ̀pá padà sókè, etí mímú yẹn ló máa di ẹnu fìlà mú tí á fi bọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀pá. Tẹ́ ẹ bá pa etí yẹn, fìlà á máa tẹ̀ lé ọ̀pá gòkè, ìka yín lẹ ó máa fi tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, inú á bí yín.

Kí róbótó lè máa jókòó sáàárín gan-an, ẹ wá irin pẹlẹbẹ kan, ẹ lu ihò 11.1 sí i, ẹ dè é mọ́ orí dáì kí ihò méjèèjì bára wọn. Inú ẹ̀ ni róbótó máa sùn sí.

Títẹ̀ ẹ́

Ohunkóhun tó bá lè ti nǹkan wálẹ̀ ní gbọọrọ láìmì ni ẹ lè lò: prẹ́ẹ̀sì alọ́wọ́ kékeré, prẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ fi ń di ọta, kódà ẹ̀rọ dírìlì tó ń dúró, kẹ́ ẹ má tanná sí i, kẹ́ ẹ kàn máa fi ọwọ́ ẹ̀ tì í wálẹ̀. Ẹ má fi òòlù ṣe é. Mo ti dán an wò, ẹ̀gbẹ́ kan á ga, èkejì á kúrú.

Ẹ fi ìda oyin tàbí ọṣẹ gbígbẹ pa ojú páànù kẹ́ ẹ tó gé e, ó rọrùn ju kẹ́ ẹ máa pa róbótó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi róbótó sí ààyè ẹ̀, kí ojú tí etí ẹ̀ ha ọwọ́ kọjú sókè, torí inú fìlà ni ojú yẹn máa wà, ibẹ̀ ló ti máa bá wa di òjé mú. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ yín á kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ń dá a dúró, lẹ́yìn náà á jọ̀wọ́ ara ẹ̀, á máa yọ̀ lọ, ẹ máa gbọ́ "tọ́" kékeré kan nígbà tó bá jáde nísàlẹ̀, fìlà á já sínú ike. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ "tọ́" yẹn bíi ogún ìgbà, etí yín á mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó ya.

Èyí àkọ́kọ́ tó bá jáde, ẹ má ṣe òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ gbé e wò. Tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá ká bí ìró tí wọ́n dì, páànù ti tín-ínrín jù tàbí ihò ti fẹ̀ jù. Tí ìdí ẹ̀ bá ya yípo bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ gé e, páànù ló le, ẹ padà lọ fi iná rọ̀ ọ́, tàbí kó jẹ́ pé etí ọ̀pá ṣì mú. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì, róbótó ò sùn sáàárín. Tí ẹnu ẹ̀ bá kàn rí wúruwùru díẹ̀ bí etí aṣọ tí wọn ò ká rán, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, bí wọ́n ṣe lọ páànù yẹn nílé iṣẹ́ ló fà á.

Bí iṣẹ́ ò bá pẹ́ni, a kì í pẹ́ṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan tí dáì yẹn bá ti jókòó dáadáa, ọgọ́rùn-ún fìlà kì í pẹ́ rárá. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn kí wọ́n gbẹ kanran, torí òróró tàbí omi tó bá kù nínú wọn máa lọ bá ẹ̀tù.

Fìlà alumíníọ̀mù irú èyí máa wúwo bíi gíráàmù 0.09, ti bàbà tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà á wúwo bíi 0.3. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ nínú ọta tẹ́ ẹ fẹ́ yìn pọ̀.

Dídé e mọ́ ọta

Ẹ wo ìdí ọta lákọ̀ọ́kọ́. Tí òjé bá yọ kókó síbi tẹ́ ẹ ti gé e nínú mọ́dù, fìlà ò ní jókòó, ẹ da ọta yẹn padà sínú ìkòkò. Tó bá tẹ́, ẹ gbé fìlà sórí nǹkan pẹlẹbẹ kí ẹnu ẹ̀ kọjú sókè, ẹ fi ìdí ọta bọ inú ẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó fún díẹ̀. Tó bá ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ tó sì ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀pá yín ti sanra jù.

Dáì sáísì ló máa parí iṣẹ́. Irú èyí tí wọ́n ń ti ọta gba inú ẹ̀ kọjá, tí imú ọta ń ṣáájú tí ọ̀pá sì ń ti ìdí, òun ni mo fẹ́ràn, torí bí ọ̀pá ṣe ń ti ìdí ọta náà ló ń ti fìlà kó jókòó dáadáa. Fìlà tó wọlé ní bíi 7.95 á jáde ní 7.87, ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló dì í mọ́ òjé. Ẹ máa rí i tó ń dán yípo lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí dáì ti fọwọ́ rà á. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń dán tí èkejì ò dán, kò jókòó dọ́gba, ẹ yọ ọ́ kúrò, ọta tí ìdí ẹ̀ bá wọ́ kì í lọ tààrà láyé.

Ẹ wá mú èékánná, ẹ gbìyànjú láti ṣí i. Kò ṣí? Ẹ mú pílásì, ẹ fi di fìlà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fà á. Nínú mẹ́wàá tí mo bá fi dánwò, mo fẹ́ kí gbogbo mẹ́wàá le débi pé òjé á ha kí wọ́n tó jáde. Tí ẹyọ kan ṣoṣo bá ti bọ́ wẹ́rẹ́, mi ò ní lo ìyókù títí mo fi máa mọ ìdí ẹ̀. Tí fìlà alumíníọ̀mù bá ń bọ́ bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n ẹ̀ pé, ẹ tún fi iná rọ páànù yẹn dáadáa, agídí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ohun kan wà tí mi ò lè fò: nígbà tẹ́ ẹ bá ń ti ọta wọ kátíríìjì, ẹ má jẹ́ kí ìdí ẹ̀ kọjá ọrùn kátíríìjì wọ inú ikùn ibi tí ẹ̀tù wà. Fìlà tó bá lọ bọ́ síbẹ̀ lè lọ ṣe ohun tí kò yẹ nínú bárẹ̀lì. Ìwọ̀n ẹ̀tù náà, inú ìwé àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù yẹn lẹ ti máa wò ó, fún ọta òjé gan-an, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, mi ò ní kọ nọ́ńbà kankan síbí.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń da òjé náà, ẹ mọ̀ pé májèlé ni. Níta lẹ ti ń ṣe é, ìkòkò yẹn ò gbọ́dọ̀ padà wọ ilé ìdáná, ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó fi kan ẹnu, kí omi kankan má sì kán sínú òjé tó ti yọ́, ẹ̀kán kan péré lè bú gbàù kó tú gbogbo ẹ̀ sí yín lójú.

Yínyìn

Ẹ fọ bárẹ̀lì mọ́ tónítóní kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó jẹ́ ti fìlà tuntun. Ẹ yin márùn-ún, ẹ dúró, ẹ yọ bóòtì, ẹ wo inú bárẹ̀lì. Tí ìró kan bá yàtọ̀, tó dún bọ́ọ́ bí ẹni pé kò lágbára, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má yin òmíràn tẹ̀ lé e títí ẹ ó fi rí ìmọ́lẹ̀ gba inú bárẹ̀lì kọjá láti òpin dé òpin.

Ẹ wo ilẹ̀ tó wà níwájú yín náà, bí èmi ṣe wò ó lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹ bá sì lè wú ọta jáde nínú yanrìn tó dá a dúró, ẹ wò ó bóyá fìlà ṣì wà nídìí ẹ̀. Ti bàbà ni mo sábà máa ń rí tó ṣì dúró digbí. Ti alumíníọ̀mù tó rọ̀ dáadáa náà ń dúró, ó kàn máa ń há sínú òjé bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn.

Àwọn ọta tẹ́ ẹ ti dé ní fìlà àmọ́ tí wọn ò pé, ẹ má jókòó máa fi pílásì tú fìlà wọn o. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ padà sínú ìkòkò òjé bẹ́ẹ̀. Òjé wúwo ju bàbà àti alumíníọ̀mù lọ, nígbà tó bá yọ́ tán, gbogbo fìlà á léfòó sókè, ẹ kàn fi síbí irin tó gbẹ bù wọ́n kúrò pẹ̀lú ìdọ̀tí.